Onílé àti Ayálégbé: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ìgbà Tó Yẹ Ká Gbà Fún Ara Wa

Ọ̀rọ̀ ẹrù, owó ọkọ̀ òfuurufú àti pàṣípààrọ̀ owó la sábà máa ń sọ ní ojú ìwé òwò yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù la fẹ́ sọ, nítorí pé nínú gbogbo aáwọ̀ tí ẹ ń gbé wá síwájú ìgbìmọ̀ wa, kò sí èyí tó pọ̀ tó ti ayálégbé àti onílé. Bí a bá sì wò ó dáadáa, owó ilé nìkan kọ́ ló ń ba òwò wa jẹ́ níbẹ̀. Iye ọdún tí a fi ń jà lórí rẹ̀ ń bà á jẹ́ ju owó lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ṣojú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń ṣe iṣẹ́ kágò ní Deira. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ onílé rẹ̀, torí àwọn méjèèjì ṣì ń rí ara wọn. Ní 2016 ló gba ṣọ́ọ̀bù náà, 80,000 dírámù lọ́dún, ṣẹ́ẹ̀kì mẹ́rin, 20,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí wàhálà. Ní 2019, nígbà tí àdéhùn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kó parí, onílé rán ejẹ́ǹtì sí i pé owó ti di 110,000. Ẹnu lásán ni, kò sí ìwé kankan. Arákùnrin wa ní òun ò gbà. Ó ń san 20,000 tó ń san tẹ́lẹ̀, onílé ń gbà á, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé gbèsè ṣì kù. Nígbà tó di 2020, àrùn Kòrónà dé, ẹrù ò lọ mọ́, arákùnrin wa ò sì lè san ti ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀rọ amúlétutù ṣọ́ọ̀bù bàjẹ́, onílé ní òun ò ní tún un ṣe. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ wa ní ìparí 2021, wọn ò kí ara wọn mọ́ bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn. Onílé ní 120,000 dírámù ni òun ń retí: 60,000 tí a kò san, àti 60,000 èlé owó ilé ọdún méjì. Arákùnrin wa ní òun ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀, pé kó lọ sí kóòtù tó bá wù ú.

Ọmọ Yorùbá tó bá ti ẹnu bọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀tọ́ ló máa ń fi ṣe orin. Ẹ̀tọ́ dára. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀tọ́ ọ̀hún.

Òfin Dubai Nọ́ńbà 26 ti 2007 ní ẹni tó bá fẹ́ yí owó ilé tàbí ohun mìíràn padà nínú àdéhùn gbọ́dọ̀ fi tó ẹnìkejì létí ní ó kéré tán 90 ọjọ́ kí àdéhùn tó parí, àfi bí wọ́n bá ti jọ fẹnu kò sí òmíràn. Bí àdéhùn bá parí, tí ayálégbé ṣì wà nínú ilé tí onílé kò sì takò ó, àdéhùn náà ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ Nọ́ńbà 43 ti 2013 wá dá ààlà sí iye tí onílé lè fi kún owó. Bí owó tí ò ń san kò bá fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ kéré sí iye tí wọ́n ń gba irú ilé bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, kò lè fi kọ́bọ̀ kún un. Ibi tó ga jù tó lè dé ni ìdá 20, ìyẹn bí owó rẹ bá fi ju ìdá 40 lọ kéré. Láti 80,000 sí 110,000 ju ìdá 37 lọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé owó ilé ní Dubai ń wálẹ̀ ní àkókò yẹn ni. Nítorí náà, lórí ọ̀rọ̀ àfikún, arákùnrin wa ló jàre, láìsí iyèméjì.

Ṣùgbọ́n 60,000 tí kò san ńkọ́? Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Kòrónà kò sì pa gbèsè rẹ́. Òfin kan náà tó ń gbèjà rẹ̀ sọ pé bí onílé bá fún ayálégbé ní ìwé pé kó san owó, tí 30 ọjọ́ sì kọjá tí kò san, onílé lè béèrè pé kó jáde kí àdéhùn tó parí pàápàá. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé bó bá dé iwájú adájọ́, ó lè járe lórí èlé kó sì pàdánù ṣọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ ò dùn sí wa lọ́jọ́ náà. A sọ irú rẹ̀ fún onílé: pé ìwé ọjọ́ 90 kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, pé owó tó ń gbà láìkọ̀ fún ọdún méjì lè di ẹ̀rí fún ẹnìkejì, àti pé bó bá lé ayálégbé yìí jáde, kò dájú pé yóò tètè rí ẹlòmíràn tó máa san 80,000, ká má tíì sọ 110,000.

Ohun tó ń jẹ́ kí ìlàjà ṣeé ṣe nìyẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í sì í fẹ́ gbọ́ ni. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kò tíì ṣe ìlàjà, ẹni tó ń halẹ̀ náà kò ṣe é. Ìgbà tí oníkálukú bá mọ ibi tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti ń yọ̀ ni wọ́n tó lè jọ jókòó.

Ìjọba ibí mọ èyí. Láti 1993 ni Dubai ti ní ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ onílé àti ayálégbé. Nígbà tí àṣẹ Nọ́ńbà 26 ti 2013 dá ibùdó ẹjọ́ owó ilé tuntun sílẹ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ilẹ̀ ní Dubai, wọ́n fi ẹ̀ka ìlàjà sí i. Ẹ̀ka náà ní ọjọ́ 15 láti bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ kí ẹjọ́ tó lọ síwájú adájọ́. Bí wọ́n bá gbà, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á buwọ́ lù ú, adájọ́ á fọwọ́ sí i, á sì ní agbára bí ìdájọ́. Bó bá ṣe pé ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ rò dópin, owó ìforúkọsílẹ̀ wà, ìdá 3.5 nínú 100 owó ilé ọdún kan, èyí tó jẹ́ 2,800 lórí 80,000. Gbogbo ìwé sì gbọ́dọ̀ wà ní èdè Lárúbáwá, ẹni tó bá ti sanwó fún atúmọ̀ èdè rí mọ ohun tí à ń wí.

Ibi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí rèé. Onílé fi 60,000 èlé sílẹ̀ pátápátá. Nínú 60,000 tí arákùnrin wa kò san, yóò san 45,000, oṣù mẹ́sàn-án, 5,000 lóṣù. Onílé gbà láti fi 15,000 tó kù rọ́pò oṣù tí ẹnikẹ́ni ò wọ ṣọ́ọ̀bù. Owó ilé di 86,000 fún ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, kò gbọdọ̀ yí padà. Onílé yóò tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe kí oṣù tó parí.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa bínú sí 6,000 yẹn. Wọ́n ní kí ló dé tí ẹni tó jàre yóò tún fi owó kún owó? A kò gbà pẹ̀lú wọn. 12,000 fún ọdún méjì ni gbogbo rẹ̀, 15,000 tí wọ́n fi jì í sì ju ìyẹn lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù sì ni pé oníbàárà tó ń gbé ẹrù lọ sí Èkó mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bó bá kó lọ sí òpópónà kejì, ìdajì wọn á gbé ẹrù wọn fún ẹlòmíràn kí wọ́n tó rí i. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Onílé yìí ti mú èèyàn méjì wá fún un láti ìgbà náà, tí wọ́n fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́.

Ẹ̀rù ṣẹ́ẹ̀kì tún wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí rántí pé nígbà kan, bí ṣẹ́ẹ̀kì owó ilé bá padà láti báńkì nítorí pé owó ò tó, ọlọ́pàá ló máa ń tẹ̀ lé e. Èyí ló lé ọ̀pọ̀ èèyàn wa sá lọ sí pápákọ̀ òfuurufú lóru, tí wọ́n fi ẹrù, ayé àti orúkọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 2, oṣù January 2022, òfin ti yí padà: ṣẹ́ẹ̀kì tí owó ò tó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn mọ́ ní gbogbogbòò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣẹ́ẹ̀kì ṣe jìbìtì ṣì wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbèsè ti kú. Ẹni tí ṣẹ́ẹ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbé e lọ tààrà fún ìmúṣẹ, kóòtù sì lè dá èèyàn dúró kó má rìnrìn àjò. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i pé ṣẹ́ẹ̀kì tó ń bọ̀ kò ní rí owó, kó lọ bá onílé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Onílé tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kò rí bí èyí tó gbọ́ ọ lẹ́nu báńkì.

Ní Sharjah, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn, ibẹ̀ la sì ti fẹ́ kìlọ̀. Òfin ibẹ̀, ti 2007 àti tuntun tó jáde ní 2024, sọ pé onílé kò lè fi kún owó ilé láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, àfi bí ayálégbé bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbà. Ẹ wo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ìdílé mélòó nínú wa ní Rolla àti Al Nahda ni ejẹ́ǹtì ti kan ilẹ̀kùn wọn ní ọdún kejì, tí wọ́n buwọ́ lùwé àfikún torí kí àlàáfíà lè wà? Wọ́n ní ìlàjà làwọn ṣe. Ìlàjà kọ́ nìyẹn, àìmọ̀ ni. Kò sí ohun tí onílé fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn yín gba òǹtẹ̀ Baladíyà ní kíákíá, ojúṣe onílé ni, nítorí ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kò lè dúró dáadáa níwájú ẹnikẹ́ni. Bó ṣe rí ní Dubai náà nìyẹn: ẹni tí kò ní Ejari, kódà iná àti omi á ṣòro fún un láti gbà sí orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ilé tẹ́ ẹ ń pín bẹ́ẹ̀dì fún àwọn mìíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, ẹjọ́ tiyín le. Òfin Dubai ní onílé lè lé ìwọ àti ẹni tí o gbà síbẹ̀ jáde, ẹni tí o gbà síbẹ̀ sì lè bi ọ́ ní owó rẹ̀. Ìlàjà kan ṣoṣo ló kù fún yín, kẹ́ ẹ lọ gba ìwé àṣẹ kó tó di pé ó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń pariwo láńlọ́ọ̀dù ní Deira, àwa náà ni láńlọ́ọ̀dù ní Ìkòròdú, ní Ìbàdàn, ní ìlú wa. Owó Dubai la fi kọ́ ilé náà. Nígbà tí ayálégbé wa ò bá san owó ọdún kan, kí la máa ń ṣe? Orí fóònù la ti máa ń sọ fún àbúrò wa pé kó yọ páànù orí ilé, kó gé wáyà iná. Ohun tí òfin Dubai kà léèwọ̀ fún onílé tiwa níbí, pé kò gbọdọ̀ gé iná tàbí omi láti fi ni ayálégbé lára, la ń ṣe fún ẹlòmíràn nílé. Òfin ayálégbé Èkó tí Gómìnà Fáṣọlá buwọ́ lù ní 2011 ní kí ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún gba nótíìsì oṣù mẹ́fà, bí wọn kò bá ti fẹnu kò sí òmíràn, ó sì ní kí kóòtù gbìyànjú kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Láti 1999 sì ni ìjọba Èkó ti dá ibùdó ìlàjà fún aráàlú sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. A ti rí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó fi ọdún mẹ́rin bá ayálégbé rẹ̀ ṣe ẹjọ́ nílé, tí owó lọ́yà àti owó ọkọ̀ òfuurufú fi ju owó ilé lọ. Nígbẹ̀yìn, ó fi gbèsè ọdún kan ji ọkùnrin náà kó lè kó jáde. Bó bá ti fi ti oṣù mẹ́fà jì í ní ọdún àkọ́kọ́, ì bá ti parí.

Ẹni tó bá ní irú ẹjọ́ báyìí lọ́wọ́, yálà ó jẹ́ ayálégbé níbí tàbí onílé nílé, kó mú ìwé àdéhùn, rìsíìtì àti gbogbo ìwé tí ẹnìkejì kọ sí i wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ wa kì í gba owó. Ẹni tí kò ní ìwé kankan lè wá, ṣùgbọ́n kó tètè wá, kí ọjọ́ ṣẹ́ẹ̀kì má pé bá a lójú ọ̀nà.