Ẹ Jẹ́ Kí A Gbọ́ Ohùn Olóhùn-Iyọ̀

Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwọn olùfẹ́ ìwé Fágúnwà, ó sì tó àkókò kí àwa náà dá sí i. Àwọn kan ń fẹ́ kí a ṣe eré orí rédíò tí yóò mú ìtàn àwọn ọdẹ Igbó Irúnmalẹ̀ tẹ̀síwájú láti ibi tí Fágúnwà fi í sí, kí tọmọdé tàgbà máa gbọ́ ọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ilé wọn. Àwọn mìíràn ní èèwọ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tí ó ni ìtàn ti kú, ìtàn sì ti bá a wọlẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fi ọwọ́ kàn án, olè tí ń tú sàréè ni. Àwọn tí ó ń sọ báyìí kì í ṣe òpè. Ọ̀mọ̀wé ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn olóyè sì wà lára wọn, a sì mọ̀ pé ìfẹ́ ìwé náà ni ó ń mú wọn sọ ọ́. Síbẹ̀, a kò gbà pẹ̀lú wọn, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ìwé náà léèrè. Nígbà tí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, kò sọ pé òun ni òun rin ìrìn-àjò náà. Ó ní ọkùnrin kan ni ó wá bá òun, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àkàrà-Ògún, tí ó ní kí òun mú ìwé àti kálámù, kí òun kọ ohun tí òun bá gbọ́ sílẹ̀. Ẹnu ni ìtàn náà ti jáde, etí ni ó bá wọlé, kí ó tó di ohun tí a tẹ̀ sórí ìwé. Kò sì parí ní ọjọ́ kan. Àkàrà-Ògún a sọ, a sinmi, a lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ a tún padà wá. Bí ọjọ́ sì ti ń gorí ọjọ́ ni àwọn ènìyàn tí ó wá tẹ́tí sí i ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ará, kí ni ó kù tí a ó fi mọ eré rédíò alápá púpọ̀ yàtọ̀ sí èyí? Ohun tí ó kù kò ju ẹ̀rọ lọ.

Nígbà tí ó sọ tirẹ̀ tán, Àkàrà-Ògún kò kú. Ó pòórá ni. Ní 1949 ni Igbó Olódùmarè jáde, Àkàrà-Ògún sì tún dé, ó wá sọ ìtàn Olówó-Ayé, baba rẹ̀. Èyí ni pé Fágúnwà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní èèwọ̀ lónìí: ó padà sí ìtàn tí ó ti parí, ó sì ṣí i. Ìrèké Oníbùdó tẹ̀lé e ní ọdún kan náà, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdìtú Olódùmarè ní 1961. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1963 ni omi gbé e lọ ní ẹ̀bá Bídá, tí a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ikú ni ó dá a dúró. A kò rí i kà níbì kankan pé ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sómi.

Láti ìgbà náà wá ńkọ́? Ǹjẹ́ a fi ìtàn náà sílẹ̀ láìfọwọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ wa ti fẹ́? Rárá o. Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká tú Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1977, nígbà tí gbogbo aláwọ̀ dúdú ayé péjọ sí Èkó fún FESTAC, eré tí orílẹ̀-èdè wa gbé síwájú àlejò ni Láńgbòdó, tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìwé Fágúnwà yìí kan náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ ọ́. A kò bú àwọn akọni méjèèjì yìí. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ayé sì yìn wọ́n. Ohun tí a ń bi àwọn tí ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ni èyí: níbo ni ẹ wà nígbà náà? Nígbà tí Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lórí ìtàgé, ẹ pàtẹ́wọ́. Nísinsìnyí tí a ní kí ó sọ Yorùbá nínú rédíò, ẹ ní a fẹ́ ba ogún jẹ́. Àlàyé èyí kò yé wa.

Ìlú Ìbàdàn tilẹ̀ kọ́ ni ibi tí ó yẹ kí a ti máa bẹ̀rù irú nǹkan báyìí, nítorí àpẹẹrẹ rẹ̀ ti wà nílé. Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọ̀mùtí ẹlẹ́mu jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá ń yọjú lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó wọ agbádá tí kò dé kókósẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa nígbà náà sì bú u pé ó dójú tì wọ́n. Láti 1956, ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Ìbàdàn níbí ni Tutùọlá ti ń ṣiṣẹ́, tí ó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù wọn. Ẹ wò ó: ẹni tí ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú ń ka wáyà àti gílóòbù nínú ilé tí a kọ́ láti máa fi sọ ìtàn! Ní 1963 ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá mú ìwé náà, tí ó dá a padà sí ẹnu Yorùbá, tí ó sì ṣe é ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ògúnmọ́lá kò tẹ̀ lé ìwé ní ẹsẹ̀ kan òmíràn. Ó sọ ìrìn-àjò ọ̀mùtí náà di àlá. Ó fi orin sí i. Ó yọ ibi tí kò wù ú. Ǹjẹ́ ó pa ìwé Tutùọlá? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí kò lè ka lẹ́tà kan nínú ìwé náà ni ó mọ Ọ̀mùtí láti ọ̀dọ̀ Ògúnmọ́lá, ìwé náà sì ń bẹ lórí àtẹ títí di òní.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní a kò gbọdọ̀ fi ti ilé nìkan ṣe ẹ̀rí, kí ó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 1963, ọjọ́ 14 péré kí Fágúnwà tó kú, ni eré ìyanu kan bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, tí a ń pè ní Doctor Who. Ọkùnrin kan ni, tí ó ń fi àpótí aláwọ̀ búlúù la ìgbà àti ọ̀run kọjá, tí ó jẹ́ pé bí ikú bá fẹ́ dé bá a, a pa ojú dà, a sì tún di ẹlòmíràn. (Bí Fágúnwà bá rí i, kì bá yà á lẹ́nu.) Ní 1989 BBC dá eré náà dúró. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò jókòó kí wọ́n máa sunkún. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Big Finish gba àṣẹ lọ́wọ́ BBC, wọ́n pe àwọn òṣèré àtijọ́ náà padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìtàn tuntun jáde fún etí nìkan, láìsí àwòrán. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́. Àwọn kan ní òótọ́ kọ́ ni, pé ohun tí kò bá ti wá láti ojú tẹlifíṣọ̀n kò sí nínú ìtàn. Àwọn kan ní ohùn tí wọ́n mọ̀ ni àwọn gbọ́, ó sì tó. Ní 2005 ni tẹlifíṣọ̀n gba eré náà padà. Ní 2013, nínú eré kékeré kan, Dókítà kan tí ó ń kú lọ ka orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, orúkọ tí ó jẹ́ pé inú àwọn eré olóhùn wọ̀nyí nìkan ni a ti gbọ́ wọn rí. Ilé ńlá jẹ́wọ́ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó ní òótọ́ kọ́ ni, ó di dandan kí ó wá nǹkan mìíràn sọ.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí fún ìtàn tí a dá fún ojú. Tiwa, etí ni a dá a fún, àwa sì ni a ń ṣe iyèméjì!

Ẹ rántí pé nínú àwọn tí ó bá Àkàrà-Ògún lọ sí Òkè Láńgbòdó, ọ̀kan wà tí ń jẹ́ Olóhùn-Iyọ̀, ọba àwọn olórin. Ta ni ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí? Orí ìwé a máa sọ fún wa pé ó dùn. A gbà bẹ́ẹ̀, a ṣí ojú ìwé mìíràn. Ẹ rántí ìhàlẹ̀ tí Olówó-Ayé àti Èṣù-Kékeré-Òde kó lé ara wọn lórí kí wọ́n tó wọ̀jà. Ẹni tí ó bá fi ojú kà á, ó gba ìdajì. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, mímí, ìdákẹ́jẹ́: inú rẹ̀ ni adùn Fágúnwà gbé wà, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde ni kò sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ kà á kí ó já gaara. Ẹni tí ó fẹ́ fi Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún hàn nínú sinimá yóò ná owó rẹpẹtẹ, a ó sì tún rẹ́rìn-ín sí i. Nínú rédíò, ohùn ẹni kan tí ó mọ̀ ọ́n sọ ti tó. Olúkúlùkù ni yóò fi ẹ̀rù ara rẹ̀ ya ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún náà.

Àkókò kò sì dúró dè wá. Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1959, lọ ní 2017. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀lé e ní 2018. Àwọn wọ̀nyí ni ìbá kọ eré náà fún wa, tí ìbá sì kọ́ àwọn ọmọdé bí a ti í sọ ọ́. Àgbà òṣèré tí ó ṣẹ́kù, tí ó lè pe ọ̀rọ̀ bí a ti ń pè é ní ayé Ògúnmọ́lá, ń dín kù ní ọdọọdún. Bí àwọn ọ̀rẹ́ wa bá ti fi ìlẹ̀kẹ̀ ìtìjú di ìtàn yìí mọ́lẹ̀ fún ogún ọdún sí i, nígbà tí wọ́n bá tú u sílẹ̀ kò ní sí ẹni tí yóò lè sọ ọ́.

A kò wí pé kí gbogbo ẹni tí ó bá ti ní makirofóònù bọ́ sí ojú agbo. Orúkọ Gbági yìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń wí, ara igi tí a gbá mọ́lẹ̀ láti fi pín ilẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òwò ni ó ti wá, nítorí náà ọ̀rọ̀ ààlà kò ṣàjèjì sí wa. Igi ààlà wà lórí ìtàn yìí pẹ̀lú. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 dá ààbò bo ìwé títí àádọ́rin ọdún yóò fi pé lẹ́yìn ọdún tí ẹni tí ó kọ ọ́ kú. Nítorí náà títí 2033 yóò fi parí, ọwọ́ àwọn ajogún Fágúnwà ni àṣẹ wà. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí a lọ, kí a dọ̀bálẹ̀, kí a san ohun tí ó tọ́. Kí a má sì fi ọ̀rọ̀ tuntun sí Fágúnwà lẹ́nu: ẹni tí ó bá kọ eré, kí orúkọ tirẹ̀ jáde níbẹ̀rẹ̀ àti nípẹ̀kun, kí ìyìn tàbí èébú lè mọ ilé tí yóò yà sí.

Ti èdè ni a kò ní dọ́gba lé lórí rárá. Bí ọdẹ bá dé iwájú iwin tí ó wá ń sọ ìdajì Gẹ̀ẹ́sì ìdajì Yorùbá, bí a ti ń gbọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ilé rédíò ìsinsìnyí, ó sàn kí iwin náà pa á jẹ. Bákan náà ni a kò fẹ́ gbọ́ kí Olóhùn-Iyọ̀ la ẹnu orin, kí olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí àwọn olówó ìpolówó dúró dè é kí ó kọrin tán.

Wọ́n yóò béèrè pé níbo ni owó yóò ti wá. Ìbéèrè yìí ni a ti ń dúró dè, nítorí ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin gbajúmọ̀ ìlú ni a ní í bá sọ̀rọ̀. Láti 1939 ni asọ̀rọ̀mágbèsì ti wọ Ìbàdàn, tí a ń so àpótí rẹ̀ mọ́ ògiri, ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Dùgbẹ̀, ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Gbági. Kò sí ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá. Àwọn oníṣòwò aṣọ, ìbáà ṣe àwọn tí ó kù ní Gbági Àtijọ́ tàbí àwọn tí ó ti kó lọ sí Gbági Tuntun ní ọ̀nà Ifẹ̀, mọ iye tí ẹbí olóyè kan ṣoṣo ń ná sórí aṣọ ẹbí ní ọjọ́ ìwúyè, aṣọ tí a kì í tún wọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kí olóyè tí yóò bá jẹ oyè ní ọdún yìí dín aṣọ náà kù ní ìdajì, kí ó fi ìdajì tí ó kù pe òǹkọ̀wé kan, olùlù kan àti àgbà òṣèré mẹ́fà jọ fún eré alápá mẹ́tàlá, kí a sì kà á sétí gbogbo Ìbàdàn pé òun ni ó ṣe é. A ó tẹ orúkọ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dìde sí ojú ìwé kìn-ín-ní ìwé ìròyìn wa yìí, pẹ̀lú gbogbo oríkì rẹ̀.