OWÓ PÁPÁ KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ KÌ Í ṢE OWÓ ÀRÍYÁ

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ òní jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Ó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera àwọn ọmọ wa.

Láti Kétu dé Ṣábẹ̀, láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Òun ni à ń pè ní CEG. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní pápá tó dára tí àwọn ọmọ lè fi ṣe eré ìdárayá. Ibi tí wọ́n ti ń sáré kún fún òkúta àti kùkùté. Bí òjò bá rọ̀, ó di ẹrẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó di eruku. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ pé: «Ẹ jẹ́ kí a dá owó jọ, kí a ṣe pápá tuntun fún kọ́lẹ́ẹ̀jì.»

Ọ̀rọ̀ náà dára. A fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà dá owó náà jọ kò dára rárá. Ọ̀nà yẹn ni a fẹ́ bá jà lónìí.

Ẹ WO BÍ WỌ́N TI Ń ṢE É

Wọ́n á dá ọjọ́. Wọ́n á ta àgọ́. Wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu àti ní òkè òkun. Wọ́n á ní kí gbogbo ènìyàn ra aṣọ kan náà. Àwọn ènìyàn ńlá á jókòó níwájú, lábẹ́ ìbòòji. Àwọn ìyá tó pọn omi á dúró sẹ́yìn, nínú oòrùn. Ẹni tó bá dá owó ńlá, wọ́n á pariwo orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Opó tó mú 200 fránkì wá, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ orúkọ tirẹ̀.

Nígbà tí àríyá bá parí, ta ni ó san owó àgọ́? Ta ni ó san owó ọtí, owó ẹran, owó onílù? Inú owó pápá ni wọ́n ti mú un. Èyí tó kù, wọ́n á fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá kan, wọ́n á sì kọ orúkọ àwọn ènìyàn ńlá sí i lára. Pápá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kùkùté ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì ń fi ẹsẹ̀ kọ òkúta.

Ẹ̀yin ará, ṣé orí ẹnu ọ̀nà ni ọmọ yóò ti sáré?

Ohun mẹ́ta ni a ní láti sọ. Èkínní: ilẹ̀ ni kí ó ṣáájú owó. Èkejì: kí olúkúlùkù dá bí agbára rẹ̀ bá ti mọ, kí wọ́n má sì lé ọmọ kankan kúrò ní kíláàsì nítorí owó yìí. Ẹ̀kẹta: kí wọ́n kọ ìṣirò owó náà sí gbangba ní èdè wa, kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

ṢÉ ERÉ LÁSÁN NI?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a dá àwọn tí kò fẹ́ pápá rárá lóhùn.

Àwọn kan ń sọ pé: «Àwọn baba wa kò ní pápá. Ọkọ́ ni wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá.» Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ń ja ìjàkadì, wọn kì í sì í jà á lórí kùkùté. Ibi tó tẹ́jú ni wọ́n ń wá. Yàtọ̀ sí èyí, àgbẹ̀ tó ń roko láti òwúrọ̀ kò jókòó sójú kan. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó ń jókòó láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 2020, àjọ ìlera àgbáyé tí à ń pè ní OMS sọ pé kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré tó ń mú ara gbóná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́, ó kéré tán. Eré náà ń mú ọkàn àti eegun le. Ó ń jẹ́ kí orí jí pépé.

Ẹ má gbàgbé pé ìdánwò eré ìdárayá wà nínú BEPC àti nínú BAC. Wọ́n ń fún ọmọ ní nọ́ọ̀tì fún un, bí wọ́n ti ń fún un ní nọ́ọ̀tì fún ìṣirò. Ọmọ ìlú ńlá tó ní pápá, àti ọmọ ìletò tí kò ní, ìdánwò kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ṣé ìdọ́gba nìyẹn?

Àwọn mìíràn ń sọ pé eré sísá kò yẹ ọmọbìnrin. Ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Noélie Yarigo, ọmọbìnrin ilẹ̀ Benin, sáré 800 mítà nínú ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe nínú ilé ní Glasgow. Ipò kẹta ni ó gbà nínú gbogbo ayé. Ta ni ó mọ̀ bóyá irú rẹ̀ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, tí wọ́n ń rán lọ pọnmi nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù? Nítorí náà, kí ibi tí àwọn ọmọbìnrin yóò ti máa pààrọ̀ aṣọ, àti ṣáláńgá tiwọn, wà nínú ètò láti ọjọ́ kìíní.

Àwọn kan tún wà tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo. Wọ́n ní: «Òrùlé kíláàsì ń jò. Ìjókòó kò tó. Kí ni ti pápá?» A kò ní bá àwọn yìí jà. Òótọ́ ni. Bí òrùlé bá ń jò, ẹ tún òrùlé ṣe ná. Bí kò bá sí omi mímu, ẹ wá omi ná. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ńlá àti ìjókòó àwọn àlejò ni ó ń jẹ owó òrùlé. Pápá tòótọ́ kì í jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni ó pọ̀ jù nínú pápá.

Àwọn ìyókù ní: «Iṣẹ́ ìjọba ni.» Bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba ní ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1982 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá ti Kútọnu, tí àwọn ará Ṣáínà ran Benin lọ́wọ́ láti kọ́. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìjọba ti kọ́ pápá tuntun ní ọ̀pọ̀ kọ́múùnù. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu kò lè lọ sáré ní Kútọnu ní agogo mẹ́wàá, kí ó padà sí kíláàsì ní agogo mọ́kànlá. Ọmọ ìletò kò lè fi ẹsẹ̀ rin 15 kìlómítà lọ sí olú-ìlú kọ́múùnù kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí a gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni olùkọ́ eré ìdárayá. Ní Àjàṣẹ́ níbí ni ilé-ẹ̀kọ́ INJEPS wà, tí ó ń kọ́ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Pápá tí kò ní olùkọ́, igbó ni yóò dà.

ILẸ̀ NI KÍ Ó ṢÁÁJÚ OWÓ

Ẹ má dá fránkì kan kí ẹ tó mọ ilẹ̀ tí pápá yóò wà. Ta ni ó ni ilẹ̀ náà? Ṣé gbogbo ẹbí ni ó gbà, àbí ẹnì kan ni ó lọ fọwọ́ sí i? Ìwé rẹ̀ dà? Òfin ilẹ̀ sọ pé ìwé tí à ń pè ní titre foncier ni ẹ̀rí tó dájú pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni. Ẹ lọ bá mẹ́ẹ̀rì. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà wà ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò lè tà lọ́la. Bí a bá ṣe pápá sórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé, àwọn ọmọ wa yóò sáré lórí rẹ̀ fún ọdún méjì, ilé-ẹjọ́ yóò sì gbà á ní ọdún kẹta.

Ilẹ̀ mélòó ni a nílò? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Òfin bọ́ọ̀lù gbà kí pápá gùn ní 90 mítà, kí ó sì fẹ̀ ní 60 mítà.

90 × 60 = 5.400 mítà onígun mẹ́rin.

Pápá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá tí à ń pè ní handball gùn ní 40 mítà, ó fẹ̀ ní 20 mítà.

40 × 20 = 800.

Àpapọ̀ wọn jẹ́ 6.200. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10.000. Nítorí náà hẹ́kítà kan gba pápá méjèèjì. Ó tún gba ọ̀nà ìsáré, kòtò yanrìn tí àwọn ọmọ yóò ti máa fò, àti igi tí yóò fún wọn ní ìbòòji.

Kí ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀? Kí a hú kùkùté. Kí a ṣa òkúta. Kí a tẹ́ ilẹ̀ náà, kí omi òjò lè rí ibi gbà. Kí a gbẹ́ kòtò, kí a da yanrìn sí i. Kí a ri òpó gọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Kí a fi ẹfun tàbí eérú fa ìlà. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni a kò mọ̀ ọ́n ṣe? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

TA NI YÓÒ DÁ OWÓ, ÌGBÀ WO SÌ NI?

Wọ́n máa ń sọ pé: «Ilé kọ̀ọ̀kan, 2.000 fránkì.» Wọ́n rò pé ìdọ́gba nìyẹn. Kì í ṣe ìdọ́gba. Lójú ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì, 2.000 kò jẹ́ nǹkan kan. Lójú opó tó ń ta ata, oúnjẹ ọjọ́ púpọ̀ ni.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ìlú kan ní ilé 300. Ilé 200 mú 500 fránkì wá. Ìyẹn jẹ́ 100.000. Ilé 60 tó rí já jẹ mú 2.000 wá. Ìyẹn jẹ́ 120.000. Ilé 40 kò ní owó. Wọ́n mú ọkọ́ àti àdá wá, ilé kọ̀ọ̀kan fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́. Ìyẹn jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 80. Owó tó wọlé jẹ́ 220.000 fránkì, kò sì sí ilé kankan tí ebi pa nítorí rẹ̀.

Ìgbà náà ṣe pàtàkì. Ẹ má gba owó ní ìgbà tí àgbẹ̀ ń ra irúgbìn. Ẹ má gbà á ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òbí ń ra ìwé fún ọmọ. Ẹ gbà á lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí àgbàdo, iṣu tàbí òwú ti di owó.

Èyí tó burú jù ni kí wọ́n lé ọmọ kúrò ní kíláàsì nítorí pé bàbá rẹ̀ kò dá owó pápá. Nítorí ọmọ ni a ṣe fẹ́ ṣe pápá. Bí a bá lé ọmọ, ta ni a ń ṣe é fún?

ÌṢIRÒ GBỌ́DỌ̀ HÀN

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ni olùkọ́ wa níbí. Nínú èsúsú yín, gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó san. Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó kàn láti kó. Bí 100 fránkì bá sọnù, ọjà kò ní dákẹ́. Kí ló dé tí ẹ fi ń fi owó kọ́lẹ́ẹ̀jì lé ẹni tí kò ní ṣe ìṣirò kankan fún yín lọ́wọ́? Ṣé owó yẹn kì í ṣe owó ni?

Kí ẹni tó ń gba owó má jẹ́ ẹni tó ń ná an. Kí owó wà ní ilé ìfowópamọ́, kí ènìyàn mẹ́ta fọwọ́ sí ìwé kí ó tó jáde. Kí obìnrin wà nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì àti mọ́ ògiri ọjà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

Owó tó wọlé: 220.000
Òpó gọ́ọ̀lù: 90.000
Yanrìn: 30.000
Owó tó jáde: 120.000
Owó tó kù: 100.000

Ìlà márùn-ún péré ni. Ẹni tó bá sọ pé òun kò lè kọ ìlà márùn-ún, ohun kan wà tí ó ń fi pamọ́. Bí ó bá ní èdè Faransé nìkan ni òun fi lè kọ ọ́, ẹ sọ fún un pé èdè wa ni ẹ fi fún un ní owó náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà, iṣẹ́ yín nìyí. A kò kọ́ ìwé kíkà láti máa fi ka orúkọ àwọn ènìyàn ńlá lára ẹnu ọ̀nà. A kọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ wa jẹ mọ́. Ẹ dúró níwájú ògiri náà. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Bí ìṣirò kò bá bára mu, ẹ sọ ọ́ ní gbangba.

NÍ ÌPÀDÉ TÓ Ń BỌ̀

Bí wọ́n bá tún lu agogo pé kí a wá dá owó pápá, ẹ lọ. Ẹ má jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè márùn-ún:

1. Ìwé ilẹ̀ dà?
2. Kí ni a ó kọ́kọ́ ṣe: pápá ni, tàbí ẹnu ọ̀nà?
3. Kí ni ẹni tí kò ní owó yóò mú wá dípò owó?
4. Ògiri wo ni a ó ti máa ka ìṣirò?
5. Ta ni yóò máa ro pápá náà, ta ni yóò sì máa lé ewúrẹ́, nígbà tí a bá ṣe é tán?

Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ di owó yín mú. Bí wọ́n bá dáhùn dáadáa, ẹ mú owó wá, ẹ mú ọkọ́ wá, ẹ mú àdá wá. Kùkùté ìdí pápá ń dúró dè wá.