Nígbà tí Fọ́tò bá Sọ Ènìyàn di Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí kò ju ọ̀rọ̀ fọ́tò lọ, ṣùgbọ́n ó ti fa ìbànújẹ́ àti àríyànjiyàn nínú ilé púpọ̀. A ya àwòrán níbi ìsọmọlórúkọ tàbí wòlímọ̀, gbogbo ènìyàn rí bí ó ti yẹ lójú kámẹ́rà, a wá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ó di pé orí ìyàwó fẹ̀ bí igbá, ẹsẹ̀ àlùfáà kúrú, ọmọ ọwọ́ sì rí bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kámẹ́rà ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Nígbà mìíràn ẹ̀bi rẹ̀ ni. Nígbà púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Kámẹ́rà díjítà kékeré tí à ń sọ yìí ni èyí tí a lè tì bọ àpò agbádá, tí púpọ̀ nínú wa rà kí kámẹ́rà inú fóònù tó gba ipò rẹ̀. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ilé púpọ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti tún ń wá a kiri ní ọdún àìpẹ́ yìí. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn àwòrán tí ó yà ṣì wà lọ́wọ́ wa, nígbà tí àwọn kan lára àwọn tí a yà sínú wọn ti jáde láyé.

Kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wá ohun roboto nínú àwòrán náà: aago ara ògiri, àwo, táyà ọkọ̀ tí ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí yín. Ẹ gbé rúlà lé e. Bí ohun náà bá wà láàrin àwòrán, tí ó sì kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ìbú rẹ̀ àti ìnàró rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ìbú bá ju ìnàró lọ, tí ó rí bí ẹyin tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n ti fa àwòrán náà lẹ́yìn tí kámẹ́rà parí iṣẹ́ tirẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, tí ó jẹ́ pé imú ẹnì kan ni ó tóbi, tàbí pé àwọn tí ó dúró ní ìpẹ̀kun nìkan ni ó fẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó ya àwòrán àti ibi tí ó dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú fífà, nítorí òun ni ó ń ba àwòrán àtàtà jẹ́. Ojú tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́ta, ìyẹn ni pé bí ìbú àwòrán bá jẹ́ 4, ìnàró rẹ̀ yóò jẹ́ 3. Èyí tí wọ́n ń pè ní mẹ́gápíksẹ́lì 12 sábà máa ń ya àwòrán tí ó ní píksẹ́lì 4000 ní ìbú àti 3000 ní ìnàró; ti mẹ́gápíksẹ́lì 8 a máa jẹ́ 3264 àti 2448. Ìwọ̀n kan náà ni. Ṣùgbọ́n pépà fọ́tò tí gbogbo wa mọ̀, íńṣì 4 sí 6, ogún fíìmù àtijọ́ ni. Ojú àwòrán lórí fíìmù mìlímítà 35 jẹ́ mìlímítà 36 ní ìbú àti 24 ní ìnàró, mẹ́ta sí méjì nìyẹn. Mẹ́rin sí mẹ́ta kò lè kún inú mẹ́ta sí méjì kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ lè fi àlàfo funfun sílẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta íńṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó lè gé lára òkè àti ìsàlẹ̀, kí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìnàró àwòrán lọ sí i. Ó sì lè fà á títí yóò fi kún pépà.

Fífà yìí a máa fi ìdá kan nínú mẹ́jọ kún ìbú gbogbo ohun tí ó wà nínú àwòrán. Ìdá kan nínú mẹ́jọ kò dún bí ohun ńlá, àmọ́ ojú ènìyàn kì í gbà á. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí a mọ̀ dáadáa bá fẹ̀ díẹ̀, ọkàn wa yóò sọ pé kì í ṣe òun, kódà bí a kò lè tọ́ka sí ohun tí ó yí padà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbé kámẹ́rà dúró lóròó nígbà tí ẹ ń yà á, òdìkejì ni yóò ṣẹlẹ̀: ẹni náà yóò ga, yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí kì í sábà mú ẹjọ́ wá.

Ti tẹlifíṣàn tilẹ̀ burú jù. Tẹlifíṣàn fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ òde òní jẹ́ 16 sí 9. Bí ó bá fa àwòrán mẹ́rin sí mẹ́ta kún ojú rẹ̀, gbogbo ènìyàn yóò fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ sí i. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, kí ẹ yan 4:3 fún un. Dúdú tí yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kì í ṣe àbùkù.

Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú mú fọ́tò íńṣì 4 sí 6 kan wá sọ́dọ̀ mi. Káàdì kámẹ́rà tí ó wà lára rẹ̀ ti sọnù, kò sì sí òmíràn tí ọkọ náà ti kojú sí wa tó bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí bàbá lọ, ohun tí ó mọ̀ nípa ojú bàbá rẹ̀ kò ju fọ́tò yìí lọ, ìyá sì ń tẹnu mọ́ ọn fún un lójoojúmọ́ pé, “Bàbá rẹ kò sanra báyìí.” Ó fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá kí ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, àmọ́ kò fẹ́ gbé àjèjì kọ́. Aago kan wà lára ògiri lẹ́yìn ọkùnrin náà. A fi rúlà wọ̀n ọ́n: mìlímítà 18 ní ìbú, 16 ní ìnàró. 18 sí 16 ni 9 sí 8, fífà tí mo ṣàlàyé tán yìí gan-an. A fi skánà ka fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ píksẹ́lì 1800 ní ìbú àti 1200 ní ìnàró. A yọ àmì tí ó so ìbú mọ́ ìnàró kúrò, a dín ìbú kù sí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án, ìyẹn 1600, a kò sì fọwọ́ kan ìnàró. Aago di roboto. Ìyá náà tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní, “Àlàájì nìyí.”

Ẹni tí àwòrán rẹ̀ ṣì wà nínú káàdì tàbí kọ̀ǹpútà kò nílò irú ìṣírò bẹ́ẹ̀, nítorí fífà orí pépà kò kan èyí tí kámẹ́rà tọ́jú. Kí ó tún un tẹ̀ ni. Ẹ sọ ọ́ ketekete pé kí wọ́n má fà á, pé kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ibi tí wọn yóò gé hàn yín. Bí kámẹ́rà yín bá ní 3:2 nínú ètò rẹ̀, ẹ yàn án kí òde tó bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gé òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ ó sì rí i kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Mo fẹ́ràn èyí ju kí a fi gígé sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ ìyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi fọ́tò sínú ìwé ìpè lórí kọ̀ǹpútà, igun ni kí ẹ dì mú bí ẹ bá fẹ́ mú un tóbi, ẹ má ṣe fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni fọ́tò físà Amẹ́ríkà, tí ìbú àti ìnàró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 51: gígé ni a ń gé àwòrán kí ó bá a mu, a kì í tẹ ojú ènìyàn pọ̀ kí ó wọlé.

Irú kejì ni èyí tí aago rí roboto síbẹ̀ tí ènìyàn kò jọ ara rẹ̀. Ohun tí ó sún mọ́ kámẹ́rà ni ó ń tóbi jù. Ká sọ pé etí fi sẹ̀ǹtímítà 10 wà lẹ́yìn imú. Bí kámẹ́rà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí imú, 40 ni yóò jẹ́ sí etí, imú yóò sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi ju bí ó ti yẹ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn dé mítà 2, ó di 200 àti 210, ìyàtọ̀ náà kò sì ju ìdá kan nínú ogún lọ. Nítorí náà ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ wá fi súùmù fa ẹni náà mọ́ra. Sísún sẹ́yìn ni ó ń tún ojú ṣe. Súùmù kàn ń jẹ́ kí ojú náà kún àwòrán ni. Súùmù lẹ́ǹsì ni mo ń sọ o, kì í ṣe ti díjítà tí ó ń sọ àwòrán di bàìbàì. Ẹ pa ìyẹn. Kámẹ́rà fóònù kò bọ́ nínú èyí: lẹ́ǹsì rẹ̀ la ojú gbòòrò, apá ẹni tí ó ń ya ara rẹ̀ kò sì gùn.

Ìdí kan náà ni ọmọdé tí a dúró yà láti òkè fi ń ní orí ńlá àti ẹsẹ̀ tín-ínrín. Ẹ lóṣòó, kí kámẹ́rà bá àyà ọmọ náà dọ́gba. Ní ti àwọn àǹtí tí ó dúró ní ìpẹ̀kun nínú fọ́tò ẹbí, lẹ́ǹsì tí a là dé òpin a máa fa ohun tí ó bọ́ sí etí àwòrán síta. Ẹ tò wọ́n ní ìlà méjì, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ̀bi kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni bí etí òrùlé tí ó gún régé bá tẹ̀ bí ọrun, ó sì máa ń dín kù bí ẹ bá sún súùmù síwájú díẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ mọ́sálásí ni ẹ ń yà, tí ilé gogoro ìpèrun dà bí ohun tí ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn, ẹ ti dúró sún mọ́ ọn jù, ẹ sì gbé ojú kámẹ́rà sókè. Ẹ rìn jìnnà, kí ẹ mú kámẹ́rà dúró ṣánṣán, kí ẹ gé ilẹ̀ tí ó bá pọ̀ jù kúrò nígbà tí ẹ bá délé.

Bí òde bá kù ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé àwo funfun kan dúró ti ògiri, ẹ yà á láti mítà 2, kí ẹ gbé àwòrán kan ṣoṣo yẹn lọ sí ibi tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú rúlà dání. Bí ìbú àti ìnàró àwo bá dọ́gba lórí pépà, ẹ lè gbé ti wòlímọ̀ fún wọn. Bí kò bá dọ́gba, tí wọ́n sì ní bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ àwọn ṣe ń ṣe é, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.