Owó Ọdún Méjì

Ọjọ́ tí mo lọ wá yàrá ní Bàrígà ní 2021, ohun àkọ́kọ́ tí ejẹ́ńtì bi mí ni pé, "Ọmọ ilé-ìwé ni ẹ́ àbí òṣìṣẹ́?" Mo ní ọmọ ilé-ìwé ni mí. Ó ní kí n lọ mú owó ọdún méjì wá, torí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá. Màmá mi ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí wọ́n ní kí owó náà tó pé.

N kò mọ̀ nígbà náà pé èmi àti bàbá onílé la jọ rú òfin. Òfin ilé gbígbé tí Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lù ní Èkó ní 2011 sọ pé owó tí onílé máa gbà lọ́wọ́ ayálégbé tuntun kò gbọdọ̀ ju ti ọdún kan lọ. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: ẹni tó san án jẹ̀bi bí ẹni tó gbà á. Ta ni yóò wá lọ fẹjọ́ sùn? Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó rojọ́ tán ní kóòtù, á ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni òfin náà ti kú. Ẹni tí ebi ń pa tó ra gààrí ọ̀wọ́n, ṣé òun náà la ó mú mọ́ ẹni tó gbówó lé e?

Wọ́n á ní òfin kan náà ló ń dáàbò bo gbogbo ayálégbé. Irọ́ ni. Ó yọ ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ ní fún akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Àwa tí a wà níta, ọdún òṣìṣẹ́ ló fi ń wọn tiwa. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ ni yàrá mi fi wà ní títì, tí eku ń gbé ibẹ̀ lórí owó màmá mi. Mo bẹ bàbá onílé pé kí wọ́n fi oṣù díẹ̀ kún un fún mi. Wọ́n ní, "Ṣé èmi ni mo ní kí olùkọ́ yín má ṣiṣẹ́?" Òótọ́ ni, àwọn kọ́. Èmi náà sì kọ́.

Òfin yìí mọ ayálégbé oṣooṣù, ó mọ ti oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n onílé wo ló ń fún wa? Ní 2025, àbá òfin tuntun dé iwájú àwọn aṣòfin Èkó, ó sì kan owó ejẹ́ńtì. Ó dára. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ìyà ẹni tó sanwó kúrò, kí wọ́n sì fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa san owó oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn onílé á tún ní a máa sá. Owó oṣù mẹ́fà ti wà lọ́wọ́ yín kí a tó wọlé. Kí la fẹ́ gbé sá?