Ta Ni Ó Wá Pa Wọ́n?

Ìbéèrè yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́kọ́ bi mí nígbà tí a jọ wo Memories of Murder tán, sinimá tí Bong Joon-ho, ọmọ Kòríà Gúúsù, gbé jáde ní ọdún 2003. Nígbà tí mo ní sinimá náà kò sọ, inú bí wọn. Ọ̀kan ní a jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe é kàn gba owó olówó lásán ni. Mo ti gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ó kàwé pẹ̀lú. N kò gbà á.

Ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi ní agbègbè Hwaseong láàrin ọdún 1986 sí 1991 ni ìtàn náà dá lé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìgbèríko kan, Park Doo-man, gbà pé bí òun bá ti wo ojú ènìyàn, òun ti mọ ọ̀daràn. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ a máa lu àwọn afurasí. Ó tilẹ̀ mú bàtà ọmọkùnrin kan tí làákàyè rẹ̀ kò pé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ kí ó lè dà bí ipasẹ̀ rẹ̀. Seo Tae-yoon, tí ó ti Seoul wá, ìwé ni ó gbẹ́kẹ̀ lé ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì àyẹ̀wò DNA dé láti Amẹ́ríkà, tí kò bá ti afurasí tí ó fọkàn sí mu, ìbọn ni ọkùnrin oníwèé yìí fà yọ.

Àwọn tí ń ráhùn ní a tan àwọn jẹ. Ta ni ó tàn yín? Ó lé ní wákàtí méjì tí ẹ fi jókòó, tí ẹ ń fẹ́ kí wọ́n sáà mú ẹnì kan. Ìfẹ́ yìí kan náà ni ó sọ Seo di oníbọn.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2019, àyẹ̀wò DNA tọ́ka sí Lee Choon-jae, ẹni tí wọ́n ti mú láti ọdún 1994 nítorí pé ó pa àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun pa ènìyàn 14 mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá ti ka ọ̀kan nínú ìpànìyàn Hwaseong, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1988, sí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń tiro lọ́rùn. Wọn kò jẹ́ kí ó sùn títí ó fi jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un. Ó lo nǹkan bí 20 ọdún níbẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní ọdún 2009, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ilé ẹjọ́ sì tó sọ pé kò jẹ̀bi.

Àwọn kan yóò ní àṣà àjèjì ni iyèméjì, pé ìtàn Yorùbá kì í parí láìjẹ́ pé àṣírí òṣìkà tú. Òótọ́ ni pé ìjàpá a máa jìyà nínú àlọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà tí ó pa àlọ́ fún wa ni ó sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọmọdé ni a ń pa àlọ́ fún. Àgbà tí ó jókòó láti dá ẹjọ́ ni òwe náà ń bá wí, nítorí pé kò sí apàlọ́ tí yóò bá a parí ọ̀rọ̀.

Ní ìparí sinimá náà, ọmọdébìnrin kan sọ fún Park pé ọkùnrin kan ti wá wo ibi tí wọ́n ti rí òkú obìnrin kan rí. Báwo ni ojú rẹ̀ ti rí? Ó ní ojú lásán ni, bíi ti gbogbo ènìyàn. Park yíjú, ó tẹjú mọ́ àwa òǹwòran. Ọ̀pọ̀ ní apànìyàn ni ó ń wá láàrin wa. Èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pariwo pé kí wọ́n sáà dárúkọ ẹnì kan, kí ó rántí pé ní ọdún 2003 tí sinimá náà jáde, wọ́n ti dárúkọ ẹnì kan. Ó wà lẹ́wọ̀n.