Má Fi Imú Dájọ́ Oúnjẹ Ẹlòmíràn

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó bá ń kọ́ èdè, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò pè é wá jẹun nílé onílé. Oúnjẹ tí o kò jẹ rí yóò wà níwájú rẹ. Kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣe? Èrò tèmi ni pé kí o tọ́ ọ wò kí o tó sọ ohunkóhun, kí o sì kó imú rẹ níjàánu. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe yìí rí.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan, mo wà ní Seoul, olú-ìlú Gúúsù Kòríà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ní London mú mi lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Yangpyeong. Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ láàárọ̀, a sì padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Àkókò gimjang ni. Gimjang ni iṣẹ́ tí àwọn ará Kòríà máa ń ṣe kí òtútù tó mú gan-an. Ẹbí á pé jọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, láti ṣe kimchi tí wọn yóò máa jẹ títí òtútù yóò fi lọ. Lọ́dún 2013, àjọ UNESCO fi àṣà yìí sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo aráyé.

Wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo sì jókòó ti ìyá àgbà ilé náà. Wọ́n ti fi iyọ̀ sí kábéèjì láti alẹ́ àná, wọ́n sì ti ṣàn án. A po ata gbígbẹ, aáyù, ata ilẹ̀ àti edé oníyọ̀ pọ̀, a sì ń fi í pa ara ewé kábéèjì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Halmeoni ni mo ń pe ìyá náà, bí àwọn ọmọ ilé ṣe ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìyá àgbà. Ní Kòríà, bíi tiwa, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, a jókòó sílẹ̀ yí tábìlì kan ká. Ìrẹsì wà níbẹ̀, kimchi tuntun àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ náà wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ṣíbí títí halmeoni fi gbé tirẹ̀. Èyí kò ṣòro fún mi, wọ́n ti kọ́ mi nílé. Lẹ́yìn náà ni halmeoni ṣí ìkòkò ọbẹ̀ kan. Cheonggukjang ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ yìí. Òórùn rẹ̀ kọlu imú mi. N kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo yínmú, mo sì fà sẹ́yìn.

Halmeoni rí mi. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dé ìkòkò náà, ó sì dìde lọ ṣí fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ń mú níta. Ọ̀rẹ́ mi túmọ̀ ohun tó sọ fún mi: "Ó ní kí o má bínú, ó ní òórùn rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ojú tì mí, nítorí mo mọ fèrèsé yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní London, bí ìyá mi bá fẹ́ se ẹ̀fọ́ tó ní irú, á kọ́kọ́ bi mí bóyá ọ̀rẹ́ mi kankan ń bọ̀. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀, á ṣí gbogbo fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kíláàsì mi kan wọlé, ó sì fọwọ́ bo imú. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní kó má bínú. N kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Òun gan-an ni mo rí lójú halmeoni.

Cheonggukjang àti irú kò jìnnà síra wọn. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe cheonggukjang. Wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi í síbi tó móoru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi máa yọ̀. Èso igi igbá ni a fi ń ṣe irú. A ó sè é, a ó bó o, a ó sì bò ó kó lè móoru. Bakitéríà kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú méjèèjì. Ohun tí ẹnu mi fẹ́ràn nílé ìyá mi ni mo yínmú sí nílé ìyá ẹlòmíràn. Ní èdè Yorùbá, a lè sọ pé ọbẹ̀ ń ta sánsán, a sì lè sọ pé ó ń rùn. Ọbẹ̀ kan náà lè gba ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀.

O lè bi mí pé: "Ṣé kí n máa purọ́ ni? Bí kò bá wù mí ńkọ́?" Rárá, má purọ́. Bí ẹ̀sìn rẹ tàbí ara rẹ kò bá gba oúnjẹ kan, sọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, kí olóúnjẹ má baà ṣe làálàá lásán. Bí o bá sì tọ́ ọ wò tí kò wù ọ́, sọ pé: "Kò tíì mọ́ mi lára." Òótọ́ ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni. "Kò dára" yàtọ̀ sí i. Ìdájọ́ ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóòórùn nǹkan kò sì lè dájọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Èmi ti dé oko ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ mo fẹ́ padà láìwo ohun tí wọ́n gbìn.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi bá mi bẹ halmeoni, kó sì gbé ìkòkò náà padà wá. Ṣíbí àkọ́kọ́ le. Nígbà tí mo dé ìkẹta, ẹnu mi ti mọ ibi tí mo wà. Mo sọ ọ̀rọ̀ irú àti ti fèrèsé ìyá mi fún un. Halmeoni dìde, ó ti fèrèsé, ó sì bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe ìwọ náà, yálà ní Kòríà ni tàbí nílé Yorùbá tí ọbẹ̀ ti ní irú, rántí pé onílé ń wo ojú rẹ. Tọ́ ọ wò ná. Má jẹ́ kó dìde lọ ṣí fèrèsé nítorí rẹ.