Ilé Tọkọtaya Kì í Ṣe Ọjà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń jiyàn lé lórí láàárín ara wa, a sì rí i pé ó yẹ kí a gbé e wá sí ojú ìwé yìí. Òun ni ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya ilẹ̀ Gúúsù Kòríà tí wọ́n ń ya fídíò ìgbé ayé wọn ojoojúmọ́, tí wọ́n sì ń gbé e sí orí YouTube kí gbogbo ayé lè wò ó.

Kì í ṣe ohun ńlá ni wọ́n ń fi hàn. Ìyàwó ń fi iyọ̀ sí ewébẹ̀ láti ṣe kimchi, ọkọ ń fọ abọ́. Wọ́n jọ ń di ẹrù láti lọ kí àwọn òbí ní àjọ̀dún Chuseok. Lára wọn ni Son Min-soo àti Im La-ra, aláwàdà ni àwọn méjèèjì, tí ayé ti mọ̀ lórí ìkànnì wọn kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó ní 2023.

Àwọn kan nínú wa ń wí pé ìwà àìnítìjú ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ náà, ìṣirò ọdún 2023 fi hàn pé ìpíndọ́gba ọmọ tí obìnrin kan ń bí kò pé ẹyọ kan: 0.72 péré ni. Níbi tí owó ilé àti làálàá iṣẹ́ ti ń mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa bẹ̀rù ìgbéyàwó, ó dára kí wọ́n rí ènìyàn méjì tí ń rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná kékeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá sì rí ọkọ tí ń se oúnjẹ yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ilé kò bu ọlá ẹnikẹ́ni kù.

Ṣùgbọ́n owó wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Bí òǹwòran bá ti pọ̀ tó ni owó ìpolówó ń pọ̀ tó. Ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ kì í sì í pe èrò bí ọjọ́ ìjà àti ẹkún. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá kí tọkọtaya má baà fi ọwọ́ ara wọn la ogiri náà. Láti oṣù kẹsàn-án 2020 ni ìlànà ìjọba Kòríà ti ní kí ẹni tí ó bá gba owó láti yin ọjà máa sọ ọ́ ní gbangba. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin wo ni yóò sọ fún wa bóyá ẹ̀rín tí aya ń rín sí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ti òtítọ́ tàbí ti owó?

Èyí tí ó kan àwa tí a óò di olùkọ́ jù ni ti ọmọ. Àgbà méjì lè fohùn ṣọ̀kan. Ọmọ tí ó wà lórí ẹní kò fohùn sí nǹkan kan. Ní 2019, YouTube pa àyè ọ̀rọ̀ sísọ dé lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fídíò tí ọmọdé wà nínú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àìtọ́ tí àwọn ènìyàn búburú ń kọ síbẹ̀. Ewu náà kì í ṣe àlá.

Nítorí náà, kí wọ́n máa fi ìkòkò, ìgbálẹ̀ àti ìrìn àjò wọn hàn wá. Ṣùgbọ́n kí ìjà àti ọmọ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá ní èrò tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó kọ ọ́ wá fún ìwé ìròyìn wa tí ń bọ̀.